Wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé pé n kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn mọ́: ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 29 ni mí. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń di ọjà sínú páálí kí ọkọ̀ tó wá kó o. Ẹ má bínú pé n kò dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí mo ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà mí, máníjà fi ẹnu sọ iye tí n ó máa gbà àti wákàtí tí n ó máa lò, ṣùgbọ́n a kò kọ ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó gbé mi wá sí ibí. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni owó wa ti ń pẹ́, ìdajì sì ni wọ́n san fún oṣù méjì tí ó kẹ́yìn, wọ́n ní kí a ṣe sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ tí ń gé páálí gé ìka méjì ọ̀rẹ́ mi kan, nítorí wọ́n ti yọ irin tí ó bo ẹnu ẹ̀rọ náà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Máníjà ní àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á, ó fún un ní owó tí ó fi ra oògùn, kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Èyí tí ó wá tán mi ní sùúrù ni ìwé kan tí wọ́n pín fún wa lánàá, pé láti oṣù tí ń bọ̀ a kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, a ti di agbaṣẹ́ṣe, àti pé ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ó má wulẹ̀ wá mọ́. Ìyàwó mi ní kí n fọwọ́ sí i kí ebi má baà pa wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èwo ni kí n ṣe?

Akọ̀wé Àtijọ́

Àbúrò mi, mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìwé yìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Má fọwọ́ sí i lónìí. N kò sọ pé kí o kọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o béèrè fún ẹ̀dà kan, kí o ní o fẹ́ bá ẹni tí ó mọ òfin kà á, kí o sì béèrè náà ní kíkọ, ì báà jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, kí ọjọ́ àti àkókò lè wà lára rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bínú sí ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí òun ń fọwọ́ sí.

Kí ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ohun kan: orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé kọ́ ni ó ń sọ ohun tí ènìyàn jẹ́ níbi iṣẹ́. ILO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1919, gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀ fún àwọn ìjọba ní ọdún 2006, èyí tí a ń pè ní Ìmọ̀ràn 198. Ó ní bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an àti bí a ti ń sanwó rẹ̀ ni kí a fi mọ̀ bóyá ẹnì kan jẹ́ òṣìṣẹ́, ohun yòówù tí ìwé àdéhùn ì báà pè é. Àwọn ilé ẹjọ́ náà sì ń tẹ̀ lé irú ìrònú yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ àwọn awakọ̀ Uber, ilé iṣẹ́ tí èrò ń fi fóònù pe ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé tí àwọn awakọ̀ wọ̀nyí fọwọ́ sí sọ pé olùdáṣẹ́-ara-ẹni-ṣe ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ béèrè ẹni tí ń pinnu owó ọkọ̀, ẹni tí ń ṣòfin iṣẹ́, àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ tí kò bá gbà láti gbé èrò. Ó wá dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, pé owó iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ dín sí iye tí òfin là sílẹ̀ tọ́ sí wọn, àti ìsinmi tí a ń sanwó lé lórí.

Nítorí náà, bi ara rẹ léèrè: ta ni ó ń yan wákàtí tí o ń wọlé? Ta ni ó ni ẹ̀rọ tí o ń lò? Bí ara rẹ kò bá yá, ṣé o lè rán ẹlòmíràn lọ dípò rẹ? Ṣé ìwọ ni o ń sọ iye tí o fẹ́ gbà, tàbí àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ọ? Bí èrè bá pọ̀ sí i, ṣé ó ń kàn ọ́? Ẹni tí ó jẹ́ agbaṣẹ́ṣe lóòótọ́ a máa ní ẹnu nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí yóò yí padà ní oṣù tí ń bọ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ mú kúrò lọ́rùn ara wọn ni ìsinmi rẹ, owó ọjọ́ àìsàn rẹ, owó ìfẹ̀yìntì rẹ, àti owó gbà-máà-bínú nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣe ènìyàn léṣe. Ṣé ìwọ náà kíyè sí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gé ọ̀rẹ́ rẹ níka ni ìwé yìí jáde?

Onísìírò

Ẹ kú ìnira o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè. Ẹ̀ka ìsanwó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi yóò sì dúró lórí ọ̀rọ̀ owó.

Àdéhùn 95 tí ILO ṣe ní ọdún 1949, ìyẹn àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ni ó dá lórí ààbò owó iṣẹ́. Lára ohun tí ó sọ ni pé kí a máa san owó òṣìṣẹ́ déédéé, kí a san án fún òun fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́ owó tí a ń ná nílùú, kí a sì jẹ́ kí ó mọ ohun tí owó náà jẹ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ àti nígbàkígbà tí a bá san án. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ àfi bí òfin tàbí àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá agbanisíṣẹ́ ṣe bá gbà á láyè. Nítorí náà, «ẹ ṣe sùúrù» kì í ṣe ọjọ́ ìsanwó. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò san ìyókù, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ ní kíkọ.

Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí. Ní alaalẹ́, kí ẹ kọ àkókò tí ẹ wọlé, àkókò tí ẹ jáde, ìṣẹ́jú tí ẹ fi sinmi, àti orúkọ ẹni tí ó ní kí ẹ dúró ṣe àṣekún bí ó bá wáyé. Ẹ kọ iye tí ó yẹ kí ẹ gbà àti iye tí ó wọ báńkì. Ẹ má kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ síbi iṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ, ọjọ́ náà ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn. Mo rí i níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí: ènìyàn mọ́kànlá ni wọ́n jẹ ní owó àṣekún, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń pariwo, ṣùgbọ́n obìnrin kan tí ó ti ń fi bírò pupa yí òǹkà ká lórí kàlẹ́ńdà ilé rẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀ nìkan ni kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn. Àwọn yòókù gba ohun tí wọ́n bá rí.

Ohun kan tún wà tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́. Owó oṣù tí ó ń pẹ́ léraléra sábà máa ń jẹ́ àmì pé ilé iṣẹ́ náà ti ń rì. Àdéhùn 95 yìí kan náà sọ pé bí ilé iṣẹ́ bá wọko gbèsè, kí a ka òṣìṣẹ́ mọ́ àwọn tí a ó kọ́kọ́ san owó fún, dé ibi tí òfin orílẹ̀-èdè bá là kalẹ̀. Ẹni tí ó jókòó lórí gbèsè oṣù mẹ́jọ lè máà rí gbogbo rẹ̀ gbà. Bákan náà, òfin ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi gbèdéke lé àkókò tí ènìyàn lè fi pe ẹjọ́ owó iṣẹ́, ní ibòmíràn kò ju oṣù díẹ̀ lọ. Ẹ tètè wádìí gbèdéke tiyín.

Ọ̀gá Kékeré

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ ti ẹ̀yìn tábìlì kejì. Ènìyàn mẹ́fà ni mo gbà síṣẹ́. Nígbà tí oníbàárà tí mo kó ọjà fún kò bá san owó fún oṣù mẹ́ta, ibo ni ẹ fẹ́ kí n ti rí owó tí n ó san? Kì í ṣe gbogbo agbanisíṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń pẹ́ ni olè. Nígbà kan, èmi náà rò ó láti sọ gbogbo wọn di agbaṣẹ́ṣe, nítorí ẹnì kan sọ fún mi pé ìnáwó mi yóò fúyẹ́.

Akọ̀wé Àtijọ́

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́ inú yín, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: nígbà tí oníbàárà yín bá san owó ńlá, ṣé ẹ máa ń pín èrè náà sí ọ̀nà méje? Bí èrè bá jẹ́ tiyín nìkan, àdánù ọjọ́ tí ọjà kò tà náà kò lè wá di ti ẹni tí ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe báńkì tí ń yáni lówó láìgba èlé.

Ọ̀gá Kékeré

Mo gbà, n kò jiyàn. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn: mo pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ṣí ìwé ìṣirò mi sílẹ̀ níwájú wọn, mo sọ ọjọ́ tí n ó san ìdajì àti ọjọ́ tí n ó san ìyókù, mo sì fọwọ́ sí i. Ó tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kúrò. Nígbà tí mo sì béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò nípa ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe yẹn, ó ní bí ẹnì kan bá pe ẹjọ́ tí ó sì jàre, gbogbo owó ìsinmi àti ìfẹ̀yìntì tí n kò san yóò padà wá bá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbúrò, kí ẹ sọ èyí fún máníjà yín pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni máà tíì sọ ọ́ fún un.

Ẹlẹ́rọ

Ẹ̀yin ará, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí ó gé ènìyàn níka ṣì ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́ òní. Ààbò iṣẹ́ ni mo ń rí sí, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Irin tí ó bo ẹnu ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. ILO ní odindi àdéhùn kan lórí rẹ̀, Àdéhùn 119 ti ọdún 1963, tí ó ní a kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ tí ibi eléwu rẹ̀ kò ní ìbòrí, tí ó sì gbé ojúṣe náà lé agbanisíṣẹ́ lọ́rùn. Òṣìṣẹ́ náà ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ rí i dájú pé kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé ẹ̀yin ni ẹ yọ ọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ «àìfarabalẹ̀» yẹn, mo ti gbọ́ ọ ju bí ó ti yẹ lọ. Ènìyàn tí ó ti dúró fún wákàtí méje lóru yóò ṣàṣìṣe. A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó ra ẹ̀rọ náà. Ìdí tí a fi ṣe ìbòrí ni pé kí àṣìṣe máà di egbò. Bí ewu kan bá wà, ohun àkọ́kọ́ tí agbanisíṣẹ́ ní láti gbìyànjú ni kí ó mú un kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó fi irin tàbí ògiri pààlà láàárín ewu àti ara ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ètò iṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó kàn. Ìbọ̀wọ́ àti akoto ni ó kẹ́yìn. Ọ̀gá tí ó yọ irin kúrò tí ó wá ní kí ènìyàn «máa fara balẹ̀» ti yí gbogbo rẹ̀ sódì. Àdéhùn 155 ti ọdún 1981 tún sọ pé ètò ààbò kò gbọ́dọ̀ ná òṣìṣẹ́ ní kọ́bọ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ti ń yọ owó ìbọ̀wọ́ kúrò nínú owó yín, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bí òfin ṣe bọ́ lọ́wọ́ irú àríyànjiyàn «ta ni ó jẹ̀bi» yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1884 ni ilẹ̀ Jámánì ṣe òfin ìbánigbófò fún ìjàǹbá ibi iṣẹ́, èyí tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí, tí ẹni tí ó fara pa sì ń gbà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀gá òun jẹ̀bi. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí owó gbà-máà-bínú tọ́ sí ọ̀rẹ́ yín kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kò sí àjọ kankan tí yóò san án lórí ìjàǹbá tí kò sí lákọsílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìkọ-sílẹ̀ máníjà yẹn fi burú ju owó oògùn tí ó fún un lọ. Kí ọ̀rẹ́ yín padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ó jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ pé ibi iṣẹ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, orúkọ ẹ̀rọ náà àti orúkọ ẹni méjì tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York. Ènìyàn 146 ni ó kú, ọ̀dọ́mọbìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn, nítorí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn kan pa kí òṣìṣẹ́ má baà máa jáde láìgbàṣẹ. Ọdún 102 lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé Rana Plaza ní Bangladesh wó lu àwọn tí ń rán aṣọ, àwọn tí ó kú sì ju 1,100 lọ. Ògiri ilé náà ti sán ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Báńkì tí ó wà nínú ilé kan náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má wá. Àwọn aránṣọ ni wọ́n ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí ni n kì í lè gbàgbé: ewu kan náà ni, ilé kan náà ni, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá tí ó gba ìkìlọ̀ àti èyí tí kò gbà á.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lo ẹ̀rọ náà lálẹ́ òní láìsí ìbòrí, Àdéhùn 155 ní kí a dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá yẹra fún iṣẹ́ tí ó ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n wá láti gbàgbọ́ pé ewu ńlá wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kàn rìn kúrò o. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún ọ̀gá yín lọ́gán, ẹ sọ pé ẹ ṣe tán láti ṣe iṣẹ́ mìíràn títí wọn yóò fi dá irin náà padà, kí ẹ sì kọ èsì tí wọ́n fún yín sílẹ̀. Ní ọdún 2022, àpérò ILO fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́, ó sì ti wà ní ipò kan náà pẹ̀lú òmìnira láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ṣé obìnrin wà lára ẹ̀yin tí wọ́n fún ní ìwé yẹn? Ẹ sọ fún wọn pé àwọn ni ó máa kọ́kọ́ kàn. Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, inú oyún oṣù márùn-ún ni mo wà nígbà tí wọ́n sọ mí di «agbaṣẹ́ṣe», mo sì fọwọ́ sí i nítorí n kò mọ̀. Nígbà tí mo bímọ, wọ́n ní kò sí ìsinmi ìbímọ fún agbaṣẹ́ṣe. Àdéhùn 183 ti ọdún 2000 ní kí ìsinmi náà máà dín sí ọ̀sẹ̀ 14, kí a má sì lé obìnrin kúrò níṣẹ́ nítorí oyún. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Agbẹjọ́rò Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀, mo júbà. Àtúnṣe kan ni mo fẹ́ fi sí i kí ẹnikẹ́ni má baà gbé nọ́ńbà àwọn àdéhùn wọ̀nyí lọ bá máníjà kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Àdéhùn ILO máa ń de orílẹ̀-èdè tí ó bá fọwọ́ sí i, òfin orílẹ̀-èdè náà ni ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí òṣìṣẹ́ lè gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ márùn-ún nìkan ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún, ì báà jẹ́ pé wọn kò fọwọ́ sí àdéhùn wọn: òmìnira láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti láti dúnàádúrà pa pọ̀, òpin iṣẹ́ àfipámúniṣe, òpin iṣẹ́ ọmọdé, àìsí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbi iṣẹ́, àti ibi iṣẹ́ tí kò léwu. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Àwọn àdéhùn wọ̀nyí wúlò láti fi mọ̀ pé ohun tí ẹ ń béèrè kì í ṣe àṣejù.

Ní ti ìbẹ̀rù pé wọn yóò lé yín: Àdéhùn 158 ti ọdún 1982 ní a kò gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́ láìsí ìdí gúnmọ́ tí ó kan ìwà rẹ̀, bí ó ti mọ iṣẹ́ sí, tàbí bí ilé iṣẹ́ ti rí. Ó ní pé ẹnì kan fẹjọ́ sun lábẹ́ òfin, tàbí pé ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe irú ìdí bẹ́ẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní irú gbólóhùn yìí. N kò sọ pé wọn kò lè dán an wò. Ohun tí mo ń sọ ni pé lẹ́tà tí ẹ kọ ṣáájú ni yóò fi hàn ìdí tí wọ́n fi lé yín.

Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kan olùbẹ̀wò ìjọba tí ń ṣàyẹ̀wò ibi iṣẹ́. Àdéhùn 81 ti ọdún 1947 fún un láṣẹ láti wọ ibi iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán tàbí lóru láìfi tó ẹnikẹ́ni létí ṣáájú. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún yín ni pé ó gbọ́dọ̀ bo àṣírí ẹni tí ó fẹjọ́ sùn, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé ẹjọ́ ni ó gbé òun wá. Ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí jẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, ẹ má kọ lẹ́tà yìí ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ wá ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ kàn, kí orúkọ gbogbo yín wà nísàlẹ̀. Lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

«A dúpẹ́ fún ìwé tí ẹ fún wa ní ọjọ́ báyìí. A fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìmọ̀ràn lórí rẹ̀. A ṣe tán láti máa bá iṣẹ́ wa lọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é. A tún fẹ́ mọ ọjọ́ tí ẹ ó san ìyókù owó oṣù méjì tí ó kẹ́yìn, a sì bẹ̀ yín kí ẹ dá ìbòrí ẹ̀rọ tí ń gé páálí padà kí a tó tún lò ó, kí ẹ sì kọ ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ báyìí sínú ìwé àkọsílẹ̀.»

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìhàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo tí ilé ẹjọ́ yóò béèrè ti wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn tí ó ní ẹ ṣe tán láti máa ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ dandan, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé ẹ̀yin ni ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá wá di pé kò sí ọ̀nà àbáyọ tí ẹ sì ní láti fọwọ́ sí i kí ẹ lè jẹun, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín pé ẹ kò gbà, pé ìhàlẹ̀ ìpàdánù iṣẹ́ ni ó mú yín fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ náà, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Kò dí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìfọwọ́sí lásán lọ.

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti béèrè, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Ènìyàn mẹ́jọ ni a jọ fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Mọ́kànlá ni ó kọ́kọ́ gbà, mẹ́ta yẹra ní alẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ fi í sílẹ̀, n kò sì bá wọn bínú. Máníjà kà á lójú wa, kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dá irin padà sẹ́nu ẹ̀rọ náà, kò sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Wọ́n fún wa ní ẹ̀dà ìwé náà àti ọ̀sẹ̀ méjì tí a béèrè. Ìdajì tí ó ṣẹ́kù nínú owó oṣù àkọ́kọ́ ti wọlé. Ti èkejì, wọ́n ní ìparí oṣù, wọ́n sì kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí Onísìírò ti wí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni kò tíì yanjú. Wọn kò kọ ìjàǹbá náà sílẹ̀ títí di òní, máníjà sì ń bi í léèrè ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní ohun tí ó ń sọ. Ó ti gba ìwé dókítà. Mo bá a lọ sí ọ́fíìsì olùbẹ̀wò láàárọ̀ yìí lẹ́yìn tí a kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n gba gbogbo ìwé wa, wọ́n sì ní kí a padà wá ní ọjọ́bọ̀.

Ẹlẹ́rọ

Kí ó mú ẹ̀dà lẹ́tà yín dání ní ọjọ́bọ̀ náà, kí ó sì mú orúkọ àwọn méjì tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ ya àwòrán ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó dá irin padà?

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Mo yà á. Ọjọ́ àti wákàtí hàn lára rẹ̀.